Àwa Ṣì Ń Gbá Orí Òkè Olómi

Ẹ ní ṣé òjò ni. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá ọmọ mi pín yàrá yìí ní Sharjah tẹ́tí sí fóònù mi láàárọ̀ yìí, Dọlápọ̀ sì ní, "Bàbá, òjò ńlá ń rọ̀ nílé o." Mo ní kí ẹ kọ́kọ́ jẹun ná. Kì í ṣe òjò. Ìgbálẹ̀ ni. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ tuntun lórí àpáta ni ẹ gbọ́, Àṣàkẹ́, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ló sì mú un lọ́wọ́ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ẹ tún gbọ́ ohun tí Gàníyù ọmọ mi sọ sínú fóònù náà, ẹ sì rí i pé mo dìde kúrò láàárín yín. Gàníyù ti lọ sí ọjà Deira báyìí, ó lọ di ẹrù àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń lọ sí Èkó. Kó tó dé, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ gbọ́, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ káàkiri àdúgbò Al Nahda yìí pé bàbá Gàníyù ti ń ṣarán.

Ẹ kúkú ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo sá iṣu sórí òrùlé ilé gíga yìí, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín. Mo ra iṣu ní Deira, mo bó o, mo bọ̀ ọ́ díẹ̀ nínú ìkòkò Gàníyù, mo gbé e wọ lífùtù lọ sókè pátápátá, mo tẹ́ aṣọ mímọ́, mo sá a síbẹ̀. Mo wá to òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká. Oòrùn tí ẹ̀yin ń sá fún níbí, tí ẹ ń ti fèrèsé mọ́ síta, àwọn ìyá wa ì bá fi ṣọrọ̀. Nàtúr, ọmọ Bangladesh tó ń ṣọ́ ilé yìí, gòkè wá, ó ní, "Baba, khalas, khalas, no food here," pé ó tó gẹ́ẹ́, a kì í sá oúnjẹ síbí. Mo ní kò sí onílé tó ni oòrùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó kó o, àfi bó ṣe rí òkúta wẹ́wẹ́ náà. Ó dúró. Ó yí i po, kò fẹsẹ̀ tẹ inú rẹ̀. Gàníyù ló wá túmọ̀ fún mi lẹ́yìn náà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá Nàtúr ṣe ń pààlà yí ìrẹsì ká tó bá sá a sójúde. Ó fún mi láyè títí iṣu mi fi gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín náà lẹ sì jẹ ẹ́ tán.

Ibi òkúta wẹ́wẹ́ yẹn ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ìdí-Òkè, ìlú wa, àpáta ni àgbàlá gbogbo ilé. Òkè Olómi wà lẹ́yìn wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí iṣu bá ti jáde, tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, kò sí obìnrin tí kì í gbé iṣu bíbọ̀ lọ sórí àpáta. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ojú ibi tirẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì fi ń pààlà. Kò sí ẹ̀ṣọ́, kò sí kámẹ́rà. O lè fi iṣu rẹ síbẹ̀ kí o lọ sóko, kí o dé kí o bá a. Ọ̀bọ nìkan ni kò mọ ààlà. Mo rántí ọjọ́ tí agbo ọ̀bọ sọ̀ kalẹ̀, tí ìyá wa fi ìgbálẹ̀ lé wọn, tí akọ ńlá kan nínú wọn já ìgbálẹ̀ náà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, tó lọ jókòó sórí òkúta, tó ń wò ó lójú. Ìyá wa ò sá. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ó dáa, ìwọ náà gbálẹ̀ ká rí ọ." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Àwọn ọ̀bọ yẹn ò sí mọ́, ìbọn àti ẹ̀rọ agégi ti lé wọn lọ.

Ṣùgbọ́n orí òkè gan-an ni ìlú wà. Nígbà ogun, nígbà tí èèyàn ò lè fojú méjèèjì sùn, àwọn baba ńlá wa kó gun òkè lọ. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé wọ́n bímọ, wọ́n sìnkú, wọ́n yọ́ irin. Nígbà tí ayé rọ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ahoro sílẹ̀. Bí ẹ bá gòkè lónìí, ẹ ó rí ìpìlẹ̀ ògiri tí wọ́n fi òkúta tò láìlo ẹrẹ̀. Ẹ ó rí ojú ọlọ nínú àpáta, ó jìn tó àwo ọbẹ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin ló sì gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lọ ọkà. Mo ti kúnlẹ̀ sídìí ọ̀kan rí, mo rí i pé àpáta ti dán níbi tí orúnkún wọn máa ń wà. Ẹ ó rí ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n yọ́ irin tán, ó dúdú, ó wúwo ju bó ṣe yẹ kó wúwo lọ. Ẹ ó rí àpáàdì tí wọ́n ti fi okùn tẹ ara rẹ̀ ní ìlà ní ìlà kí wọ́n tó sun ún. Igi oṣè sì dúró síbẹ̀. Oṣè máa ń wà níbi tí èèyàn bá ti gbé rí, nítorí náà tí ẹ bá rí i láàárín igbó, ẹ rọra tẹlẹ̀, ojúde ẹnìkan ni ẹ wà.

Ihò omi kan wà láàárín àpáta náà tí kì í gbẹ, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa pe òkè náà ní Olómi. Alápàńdẹ̀dẹ̀ kọ́lé sábẹ́ àpáta tó ṣíji bò ó. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òfàfà á bẹ̀rẹ̀ igbe. Á kọ́kọ́ ké wẹ́wẹ́, á máa ga sí i, á máa ga sí i, títí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á fi rò pé wọ́n ń pa èèyàn. Ẹran tí kò tóbi ju ehoro lọ ló ń fi ohùn bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba gbogbo àdúgbò. Bàbá mi máa ń sọ pé igbe òfàfà ló lé àwọn ológun padà lọ́jọ́ kan, pé wọ́n rò pé iwin ló ni òkè náà. Mi ò lè búra pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nílé wa a kì í jẹ òfàfà títí dòní. Níbí, ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò sì lé ẹnikẹ́ni lọ rí.

Lọ́dọọdún, tí koríko bá ti gbẹ, gbogbo ìlú á lọ gbá ahoro náà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ilé tí kò ní òrùlé, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni ò sùn nínú rẹ̀ láti ayé àwọn baba baba wa, à ń gbá a bí ìgbà tí àlejò pàtàkì ń bọ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Ìgbálẹ̀ tuntun ni, a kì í gbé èyí tó ti gbá ilé ìsàlẹ̀ gòkè. Inú yàrá la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó gbá a wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀, a ó gbá a jáde ní ìloro, a ó wá fi ìgbálẹ̀ náà ti ẹnu ọ̀nà, kí òjò àti oòrùn jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Àwọn àgbà ló ń gbá yàrá, àwọn obìnrin ló ń gbá ọ̀ọ̀dẹ̀, ìdí àmù sì ni ti àwọn ọmọdé. Àwọn òkúta tí wọ́n gbé àmù omi lé láyé ọjọ́un ṣì wà ní igun ọ̀ọ̀dẹ̀, àlàfo àárín wọn há, ọwọ́ kékeré nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Gàníyù ló ń gbá ìdí àmù tiwa títí irùngbọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù ú. Lọ́dún kan àkeekèé ta á níbẹ̀. Mo gbé e kọ́rùn sọ̀ kalẹ̀, ó ń ké, ó ń bú àwọn òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n lórúkọ. Ọdún tó tẹ̀lé e, òun ló kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀.

Ohùn gbígbá náà ni ọkàn mi ń fà sí jù. Gbogbo ìlú, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kálukú, lórí àpáta lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn abiyamọ tuntun àti àwọn arúgbó tí ò lè gòkè mọ́ á jókòó sísàlẹ̀, wọ́n á ní, "Òjò ilé ti dé." Nítorí náà Dọlápọ̀ ò ṣìṣe púpọ̀. Tí a bá gbá a tán, a ó sun iṣu lórí òkè, a ó mu omi ihò náà, àwọn ọ̀dọ́ á máa sáré yí igi oṣè ká, àwọn kan á sì tibẹ̀ gba ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe rí ìyá Gàníyù. Ìdílé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó gbá pàǹtí ilé tiwọn sí ìloro wa, mo lọ bá a pẹ̀lú ìbínú. Mi ò tíì bínú yẹn tán tí ó fi kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé eré ìdárayá ni. Òfin ìlú ni. Níbi tí wọ́n bá ń gbá, ìlú ni. Níbi tí wọn ò bá gbá mọ́, igbó ni, igbó sì ṣeé tà. Kódà kó ku ìdílé kan ṣoṣo tó ń gbá tirẹ̀, kò sí baálẹ̀, kò sí ìjòyè tó lè fa òkè náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí wọ́n bá gòkè tí wọn ò bá ìgbálẹ̀ tuntun kankan lẹ́nu ọ̀nà, ó parí nìyẹn. Bí àwọn tó fi òkè náà sílẹ̀ fún wa ṣe pa á láṣẹ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó yí i padà.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n jáwọ́. Àwọn kan ní ẹ̀sìn àwọn ò gbà á, bẹ́ẹ̀ a kì í bọ nǹkan kan níbẹ̀, ilẹ̀ là ń gbá. Èmi tí mò ń kírun lójoojúmọ́ yìí ni mo ń sọ ọ́. Àwọn kan ṣí lọ sí Èkó. Àwọn kan ní òkè ti ga jù, bí ẹni pé òkè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Níkẹyìn ó ku ilé wa, ilé wa náà sì ku èmi. Lọ́dún tó kọjá, èmi nìkan ni mo gbá yàrá, tí mo gbá ọ̀ọ̀dẹ̀, tí mo gbá ìloro. Ọwọ́ mi ò wọ ìdí àmù, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí wálé.

Ìgbà yẹn ni àwọn olókùúta dé, àwọn tó ń fi àdó fọ́ àpáta, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ fún títì. Mi ò bá títì jà, èmi náà ń rìn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí wọ́n fi Òkè Àparò ṣe nítòsí wa. Kò sí òkè níbẹ̀ mọ́, kò sí àparò, kòtò omi dúdú kan ló wà níbẹ̀, orúkọ nìkan ló ṣẹ́kù. Wọ́n wá bá mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, mo ní rárá. Àwọn ẹbí wá, wọ́n ní ayé ti lajú, mo ní ojú tèmi ò di rí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí wọ́n ṣe rí i pé n kò ní gbà, ni tíkẹ́ẹ̀tì bá dé láti ọ̀dọ̀ Gàníyù. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ mi." Inú mi dùn, mi ò purọ́. Ọmọ mi ni. Ó ní màá ti padà kí koríko tó gbẹ. Nígbà tí mo dé tán, ó ń sún ọjọ́ ìpadàbọ̀ mi síwájú, ó ń sún un síwájú.

Ó tọ́jú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Ó mú mi wọ mẹ́tírò, ó mú mi wọ abra, ọkọ̀ ojú omi Deira yẹn, ó fi ilé tí orí rẹ̀ wọ inú ìkúukùu hàn mí. Lọ́jọ́ kan ó mú mi lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Sharjah níbí. Wọ́n kó àpáàdì sínú gíláàsì, wọ́n tan iná lé e lórí. Mo sún mọ́ ọn, mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ síkiọ́ríìtì bá rọra sọ létí mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ kàn án." Yorùbá ló sọ ọ́. Ọmọ Ìwó ni. Ó ní inú iyanrìn aṣálẹ̀ ni wọ́n ti hú u jáde, pé àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó, pé àárọ̀ dalẹ́ ni òun fi ń dúró tì í. Mo wò ó, mo rí ìlà okùn lára àpáàdì náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí ìdàrọ́. Ìdàrọ́ dúdú, lábẹ́ iná, lórí aṣọ funfun. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwọn èèyàn yìí ní gbogbo aṣọ tuntun tó wà láyé, síbẹ̀ wọ́n ń walẹ̀ láti wá àkísà bàbá wọn. Ọmọ tiwa ló ń bá wọn ṣọ́ àpáàdì, àwa sì fẹ́ lọ tiwa mọ́ títì. Inú bí mi débi pé mi ò lè rìn. Mo ní, "Gàníyù, wo ìdàrọ́." Kò wò ó, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, mo mọ ìdí tí ó fi ń wo bàtà. Ó dúró ní bákónì, ó ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá ò ní tíì dé nígbà yẹn. Ọjọ́ gbígbá á ti kọjá."

Mo jókòó títí ó fi wọlé. Mo bi í. Kò sẹ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo yàrá yìí. Ẹ wo bí a ṣe ń sùn. Ọdọọdún lẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní tún físà mi ṣe. Òkúta tí ẹ ń gbá yẹn, tí a bá tà á, owó rẹ̀ ni ì bá gbé mi délé."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi, nítorí mo mọ̀ pé kò parọ́. Mo rí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo rí bó ṣe máa ń ka ọjọ́ tí físà rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ilé wo, Gàníyù? Ilé tí o fẹ́ kó gbé ọ dé, òun náà ni o fẹ́ fọ́." Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó jáde. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn.

Ọjọ́ gbígbá ti dé tán, kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó lè gbé mi débẹ̀ mọ́. Mo pe Àṣàkẹ́. Ọmọ ilé wa ni, ibi yòówù kó ti lọ́kọ, ìgbálẹ̀ rẹ̀ tó ìgbálẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti gun òkè yẹn kẹ́yìn, àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ̀ pàápàá ń ni ín lára. Mo ní, "Àṣàkẹ́, wọ́n ti dá mi dúró síbí, mi ò ní lè gbálẹ̀." Mo ní mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún. Ó ní, "Orúnkún mi ló ń dùn mí, ọwọ́ mi kọ́."

Àwọn ẹbí gbìyànjú láti dá a dúró. Wọ́n ní ọ̀nà ti dí, wọ́n ní ejò wà níbẹ̀. Ó ní òun ti bá ejò gbé, ọkọ òun kọ́kọ́ ní ìyàwó mìíràn. Àárọ̀ yìí ló gbéra. Níbi tí òkè bá ti ga, ó ń jókòó, ó ń fi ìdí wọ́ ara rẹ̀ sókè, ìgbálẹ̀ lórí itan. Nígbà tó débẹ̀, ó pè mí, ó gbé fóònù sórí òkúta, ó ní kí n máa gbọ́.

Ẹ̀yin náà gbọ́. Yàrá, ọ̀ọ̀dẹ̀, ìloro. Gàníyù dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ti wọ bàtà tán, mo rò pé yóò jáde ni. Àṣàkẹ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti parí. Mo fẹ́ fi ìgbálẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà báyìí." Nígbà náà ni Gàníyù bẹ̀rẹ̀ mọ́ fóònù, tó sọ ohun tí ẹ gbọ́ tí kò yé yín.

Ó ní, "Màmá, ẹ ò tíì gbá ìdí àmù."

Àṣàkẹ́ ní, "Ọwọ́ mi ò wọ̀ ọ́, Gàníyù."

Ó ní, "Ẹ fa díẹ̀ yọ nínú ìgbálẹ̀ yẹn, ẹ fi rọ́ ọ jáde láti ẹ̀yìn. Ẹ ṣọ́ àkeekèé o."

Ohùn kékeré tó gbẹ̀yìn yẹn, ṣẹ́ẹ́rẹ́ ṣẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí eku ń wá nǹkan, ìdí àmù wa ni. Ìgbà yẹn ni mo dìde. Ojú mi tutù, ẹni tó bá fẹ́ pè é ní arán kó máa pè é.

Gàníyù ò sọ pé òun ti gbà fún mi o. Tó bá ti Deira dé, a óò jà sí i, mo sì ti jẹun sílẹ̀ dè é. Èmi náà ò ní dúró lo físà mi tán, màá lọ tọ́jú orúnkún Àṣàkẹ́, nítorí ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà. Bí àwọn olókùúta bá gòkè lọ́la pẹ̀lú àdó wọn, wọn ó bá ìgbálẹ̀ tuntun lẹ́nu ọ̀nà wa. Kí wọ́n bi baálẹ̀. Kí wọ́n bi ẹni tó bá wù wọ́n. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, èèyàn ń gbé inú rẹ̀.